Lẹ́tà sí Olóòtú: Ẹ̀rọ lésà kejì fún oníṣọ́ọ̀bù kékeré

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ojú ewé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún lẹ́tà àwa òǹkàwé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí ìpinnu kan tí ó ń dààmú ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń fi ẹ̀rọ lésà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ líle jó ojú nǹkan, fín nǹkan fún títà: irú ẹ̀rọ wo ni ó yẹ kí oníṣọ́ọ̀bù kékeré rà nígbà tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bá ti ń mú owó wọlé, tí ó sì ti rí díẹ̀ tù jọ fún ìkejì?

Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, yálà ní Mọ́kọ́lá níbí ní Ìbàdàn tàbí ní Ṣómólú tí àwọn oníṣẹ́ ìtẹ̀wé pọ̀ sí ní Èkó, ni pé kí a ra èyí tí tábìlì rẹ̀ fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí wáàtì rẹ̀ sì pọ̀ jù ú lọ. Mo lòdì sí ìmọ̀ràn yìí. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ń mú wa dá padà fún oníbàárà ni ó yẹ kí ó yan irú ẹ̀rọ kejì fún wa, iná tí ó ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa ni ó sì yẹ kí ó sọ bí yóò ṣe tóbi mọ. Ẹni tí kò bá tíì wo méjèèjì yìí dáadáa kò tíì ní ìdí kankan láti máa bèèrè iye wáàtì.

Ẹ̀rọ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ni ti CO2, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń jáde láti inú ọ̀pá gíláàsì gbọọrọ kan tí wọ́n rọ àdàpọ̀ gáàsì káàbọ̀n dàókísáídì, náítírójìn àti hílíọ̀mù sí nínú. Kumar Patel ni ó kọ́kọ́ ṣe irú lésà yìí ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1964, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ láyé ní ìpínlẹ̀ California. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gùn tó máíkírómítà 10.6, ojú èèyàn kò sì lè rí i. Igi, pásípẹ́ẹ̀sì (ike líle tí ń dán bíi gíláàsì), awọ, páálí, rọ́bà tí a fi ń ṣe òǹtẹ̀ àti gíláàsì ń fa ìmọ́lẹ̀ yìí mu dáadáa, nítorí náà ó ń gé èyí tí ó ṣeé gé nínú wọn, ó sì ń fín ìyókù. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé abọ́ sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì tàbí idẹ tí a kò kùn síwájú rẹ̀, irin náà yóò dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ náà padà, ojú rẹ̀ kò sì ní yàtọ̀ sí bí ó ti wà. Àwọn kan máa ń fọ́n ọ̀dà pàtàkì kan sí ojú irin kí lésà tó kọjá lórí rẹ̀, kí ọ̀dà náà lè jó mọ́ ọn lára. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ agolo ọ̀dà náà wọ́n, fífọ́n rẹ̀ àti fífọ èyí tí ó ṣẹ́ kù kúrò ń jẹ àkókò, ẹni tí ó bá sì gba iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún bírò kò ní rí èrè gidi níbẹ̀.

Àwọn mìíràn kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CO2 rárá. Lésà dáódù, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí a lè gbé sórí tábìlì, tí owó rẹ̀ kò sì ga. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bi mí léèrè, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ gùn: CO2 ni kí ó rà. Pásípẹ́ẹ̀sì tí ó mọ́ gaara, tí a fi ń ṣe àmì ẹ̀yẹ fún ilé ìwé àti ilé ìjọsìn, kò ṣeé gé fún dáódù búlúù, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kàn ń la inú rẹ̀ kọjá ni, kò sí ohun tí ó ń jó. Àwọn tí ń ta dáódù tún ní àṣà kan tí inú mi kò dùn sí: wọn a kọ wáàtì 40 gàdàgbà sára páálí, nígbà tí ó jẹ́ pé iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ ni wọ́n kọ, tí ìmọ́lẹ̀ tí ó ń jáde lára rẹ̀ sì lè má ju wáàtì 5 lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti ní CO2, tí ó ń wá ìkejì, ni ó le, òun ni mo sì fẹ́ dúró lé. Ìmọ̀ràn mi sí i ni pé kí ó fi ìwé kan sórí káńtà, kí ó máa kọ gbogbo iṣẹ́ tí kò lè gbà sínú rẹ̀: ohun tí oníbàárà mú wá, iye tí ó fẹ́, àti ìdí tí a fi ní kí ó máa gbé e lọ. Kí ó ṣe èyí títí tí àkókò tí iṣẹ́ ń pọ̀ àti ìgbà tí ọjà ń dákẹ́ yóò fi kọjá, kí ó tó fi owó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sábà bá ohun tí a ní lọ́kàn mu, nítorí pé iṣẹ́ tí ó já wa kulẹ̀ kẹ́yìn ni a máa ń rántí jù. Oníṣọ́ọ̀bù kan lè máa sọ fún gbogbo ayé pé tábìlì òun kéré, kí ìwé rẹ̀ sì máa sọ pé bírò, kọ́kọ́rọ́ àti pátákó idẹ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ni àwọn èèyàn ń gbé wá tí wọ́n ń gbé padà.

Bí ìwé náà bá kún fún irin, ẹ̀rọ fáíbà, ìyẹn lésà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ti inú okùn gíláàsì jáde, ni kí ó máa rò. Àmọ́ kí ó kọ́kọ́ ya irin tí a kùn kúrò lára irin tí a kò kùn. Fìláàsì omi gbígbóná tí ó ní ọ̀dà lára, irú èyí tí a ń fín orúkọ ọkọ àti ìyàwó sí fún pínpín lóde ìgbéyàwó, ṣeé ṣe lórí CO2: ọ̀dà ara rẹ̀ ni lésà ń jó kúrò, irin funfun abẹ́ rẹ̀ á sì yọ síta. Àlùmíníọ̀mù tí ilé iṣẹ́ ti fi àwọ̀ bò náà ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sábà máa ń dí ẹni tó ní CO2 lọ́wọ́ lórí fìláàsì ni pé kò ní ohun èlò tí ń yí nǹkan roboto lábẹ́ lésà, bẹ́ẹ̀ ni owó ohun èlò yẹn kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ̀rọ tuntun. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí fìláàsì nìkan yá owó ra fáíbà.

Irin tí a kò kùn ni oko fáíbà. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà tí wọ́n fẹ́ kọ orúkọ sí inú òrùka, àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n fẹ́ kí àmì wọn wà lára sípánà, àwọn tí ń ta jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fẹ́ pátákó irin kékeré tí nọ́ńbà ẹ̀rọ wà lára rẹ̀, gbogbo wọn ni CO2 kò lè dá lóhùn. Ẹ má sì gbàgbé àwọn alásè òde àríyá. Ṣíbí wọn, ìdérí ìkòkò wọn àti abọ́ wọn ń dàrú mọ́ ti ẹlòmíràn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀dà pupa tí wọ́n sì ń fi ṣàmì sí i kì í pẹ́ ṣí kúrò nígbà tí kànìnkànìn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Orúkọ tí fáíbà bá fín sára ṣíbí sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì kò ní bá ọṣẹ lọ. Ní ìlú tí àríyá kì í tán bíi ti wa, mi ò mọ oníbàárà tí ó dára ju alásè lọ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fáíbà, síbẹ̀ àwa oníṣẹ́ lésà kì í ronú kàn wọ́n. Àmì ẹ̀yẹ nìkan ni gbogbo wa ń lé.

Ohun tí ó jẹ́ kí fáíbà lè ṣe èyí ni pé ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju nánómítà 1064 lọ, ìyẹn máíkírómítà 1.06, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti CO2, irin sì ń fa irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu ju ti CO2 lọ fíìfíì. Kò ní ọ̀pá gíláàsì tí ó lè fọ́, kò ní gáàsì tí ó lè jò, kò sì ní dígí mẹ́ta tí a ó máa tò kí wọ́n lè dọ́gba. Inú okùn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe ìmọ́lẹ̀ náà, dígí kéékèèké méjì tí ń mì ní ẹnu ẹ̀rọ ni ó sì ń darí rẹ̀, èyí ni ó fi ń yára tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé gbígbé bírò sí i àti mímú un kúrò ń pẹ́ ju fínfín rẹ̀ lọ. Àwọn tí ń ṣe é máa ń kọ wákàtí 100,000 gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ayé rẹ̀, nígbà tí ọ̀pá gíláàsì CO2 kì í ju ẹgbẹ̀rún wákàtí mélòó kan lọ.

Kò tìtorí ìyẹn gba ipò CO2. Ìmọ́lẹ̀ fáíbà ń la pásípẹ́ẹ̀sì tí ó mọ́ gaara kọjá, ó ń la gíláàsì kọjá, ohun tí ó sì ń ṣe sára igi kò yẹ ní ohun tí a ń gba owó lé lórí. Ojú ibi tí ó lè fín nígbà kan náà tún kéré. Lẹ́ńsì tí ó sábà máa ń bá a wá ń fún wa ní ààyè mílímítà 110 ní òró àti ní ìbú. Lẹ́ńsì ti 200 àti 300 wà, ṣùgbọ́n bí ààyè náà bá ti ń fẹ̀ sí i ni ojú ìmọ́lẹ̀ ń tóbi sí i, tí agbára rẹ̀ sì ń tú ká. Ẹni tí ó bá rò pé òun yóò ra lẹ́ńsì 300, kí òun sì máa fín irin jinlẹ̀ pẹ̀lú wáàtì 20, yóò jókòó ti iṣẹ́ kan títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nípa wáàtì, níwọ̀n ìgbà tí a ti wá dé ibẹ̀, 20 tó fún kíkọ orúkọ sára irin, 50 ni kí ẹni tí ó fẹ́ fín irin wọ inú rà, bí àpẹẹrẹ ẹni tí ń ṣe òǹtẹ̀ irin tàbí mẹ́dàlì. Èmi yóò mú wáàtì 30 fún ṣọ́ọ̀bù tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ní oríṣiríṣi. Irú kan tún wà tí wọ́n ń pè ní MOPA, tí a lè yí bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó nígbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá ṣẹ́jú. Òun ni ó ń mú àwọ̀ búlúù, pupa àti ewéko jáde lára sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì, ó sì ń mú dúdú tí ó gbámúṣé jáde lára àlùmíníọ̀mù tí wọ́n ti fi àwọ̀ bò. Àwọ̀ wọ̀nyẹn máa ń wu èèyàn nígbà tí olùtajà bá ń fi hàn, ṣùgbọ́n wọ́n ń falẹ̀, wọ́n sì ń yí padà bí irin bá yàtọ̀ díẹ̀. Dúdú orí àlùmíníọ̀mù yẹn nìkan ni mo lè tìtorí rẹ̀ fi owó kún owó.

Ẹ jẹ́ kí n gùn lé ọ̀rọ̀ iná díẹ̀, nítorí pé òun ni àwọn tí ń ta ẹ̀rọ kì í fẹ́ dá lórúkọ. Wáàtì 80 tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ CO2 ni ìmọ́lẹ̀ tí ń jáde láti inú ọ̀pá. Ohun tí ń fún ọ̀pá náà ní iná ń jẹ ìlọ́po mélòó kan rẹ̀. Ẹ wá fi ẹ̀rọ tí ń mú omi tutù kún un, ẹ fi fáànù tí ń fa èéfín síta àti pọ́ǹpù tí ń fẹ́ atẹ́gùn kún un, gbogbo rẹ̀ yóò tó wáàtì 1,500 láìsí wàhálà. Fáíbà wáàtì 30 tí afẹ́fẹ́ lásán ń tù lára kì í sábà kọjá wáàtì 500. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná gbé owó iná àwọn tí ó wà ní Band A lọ sí ₦225 fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí a fi 225 náà ṣírò. Bí CO2 yẹn bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ, yóò jẹ iná ₦2,700. Fáíbà yóò jẹ ₦900. Ẹni tí wọ́n ní kí iná rẹ̀ máa tó wákàtí 20 lójúmọ́ nìyẹn o. Ẹni tí kò sí ní Band A ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún nípa owó bẹntiróòlù láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023.

Ṣírò yìí ni ó mú kí n sọ pé iná ni yóò pinnu bí ẹ̀rọ yóò ṣe tóbi tó. Ínfátà tí kò tóbi, tí bátìrì rẹ̀ dára, lè gbé fáíbà títí iṣẹ́ ọwọ́ yóò fi parí nígbà tí iná bá lọ. Ṣọ́ọ̀bù tí ó ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré gbé CO2 kan, tí ó wá fi CO2 ńlá mìíràn kún un, yóò tún ra jẹnẹrétọ̀ ni. Bí kò bá rà á, ẹ̀rọ kan yóò máa wo èkejì níran. Owó jẹnẹrétọ̀ àti epo rẹ̀ kì í sì í sí nínú iye tí olùtajà pè fún wa.

Ooru náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Ọ̀pá gíláàsì CO2 fẹ́ kí omi tí ń ṣàn yí i ká wà láàárín ìwọ̀n 15 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ń fi ohun tí ń mú omi tutù tí wọ́n ń pè ní CW-3000 tì lẹ́yìn fún wa, èyí tí kò ju agbada omi àti fáànù lọ. Kò lè mú omi tutù ju afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù onípáànù ní oṣù kẹta ń kọjá 30 dáadáa. CW-5000 tàbí CW-5200 ni ó ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bíi ti fíríìjì. Ẹni tí ó bá ní in, kí ó má ṣe tìtorí pé ó lè tutù kí ó wá sọ omi di yìnyín, pàápàá ní Èkó tí ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́: bí omi bá tutù jù, ọ̀pá gíláàsì yóò máa làágùn, iná tí ó sì wà ní ẹnu ọ̀pá náà tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún fóltì. Omi tí a ń bù kún bátìrì mọ́tò, tí wọ́n ti sẹ́ gbogbo iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀, ni kí a rọ sí i. Píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá mọ́ fún ọ̀fun, kò mọ́ tó fún ọ̀pá gíláàsì. Lọ́wọ́ ọyẹ́, kí a máa nu dígí àti lẹ́ńsì ju ti ìgbàkigbà lọ, nítorí pé eruku tí ó bá bà lé lẹ́ńsì yóò jó mọ́ ọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé CO2 méjì ní àǹfààní tirẹ̀. Ó ní. Bí ìwé orí káńtà bá sọ pé àkókò ni kò tó, pé gbogbo ohun tí a dá padà ni ẹ̀rọ wa ì bá lè ṣe bí kì í bá ṣe pé ó ń ṣe tẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹ̀rọ irú kan náà tọ́ láti rà, nítorí pé ọmọ iṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n lò, lẹ́ńsì àti dígí ọ̀kan sì lè ran èkejì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń rà á nítorí ìbẹ̀rù pé ọ̀pá lè kú mọ́ òun lọ́wọ́ nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe ẹ̀bùn ìparí ọdún, ń fi owó ilé ra òrùlé. Kí ó ra ọ̀pá gíláàsì kan àti ohun tí ń fún un ní iná, kí ó fi pa mọ́ láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án. Kí ó má tọ́jú rẹ̀ títí di ọdún mìíràn, nítorí pé gáàsì inú ọ̀pá ń dín kù lórí àtẹ bí a kò tilẹ̀ lò ó. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é máa ń wà lára rẹ̀, kí ó wò ó kí ó tó sanwó.

Ti ẹ̀rọ ńlá, irú èyí tí tábìlì rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,300 ní òró àti 900 ní ìbú, mo gbà á fún ẹni tí iṣẹ́ pátákó ìpolówó àti lẹ́tà ńláńlá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ wọn ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lásán lọ, ó sì ti ṣẹlẹ̀ pé kí wọ́n wó ògiri kí ó tó wọlé.

Ewu tí ó wà nínú níní oríṣi méjì lábẹ́ òrùlé kan ni mo rí i pé a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Ìdérí pásípẹ́ẹ̀sì tí ó wà lórí ẹ̀rọ CO2 ń dáàbò bo ojú wa nítorí pé ìmọ́lẹ̀ CO2 kò lè là á kọjá. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ti mọ́ lára yóò rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni fáíbà rí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìmọ́lẹ̀ nánómítà 1064 ń la pásípẹ́ẹ̀sì tí ó mọ́ gaara kọjá, ó ń la iwájú ẹyinjú kọjá, ẹ̀yìn ojú níbi tí a fi ń ríran gan-an ni ó ti ń jó. A kò rí i, nítorí náà ojú kò ní ṣẹ́ kí ó tó bà á jẹ́. Ọ̀pọ̀ fáíbà tí wọ́n ń kó wọlé ni kò ní ilé tí ó bò ó mọ́lẹ̀. Kí a ra èyí tí ó ní ilé, bí kò bá ṣeé ṣe, kí a ra awò ojú tí wọ́n kọ 1064 sí lára fún gbogbo ẹni tí ń bẹ nínú yàrá, oníbàárà tí ó dúró tì wá pẹ̀lú. Awò dúdú lásán tí a ń rà lẹ́bàá títì kò já mọ́ nǹkan kan níbí. Bákan náà, irin tí ń dán bí idẹ, fàdákà àti wúrà lè dá ìmọ́lẹ̀ padà sínú ẹ̀rọ kí ó sì ba á jẹ́, pàápàá bí a bá gbé e sí àárín gbùngbùn lábẹ́ lẹ́ńsì. Kí a sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ tàbí kí a dà á ní ìdagun. Bí orísun ìmọ́lẹ̀ fáíbà bá bàjẹ́, kò sí oníṣẹ́ iná àdúgbò tí yóò tún un ṣe, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é ni yóò padà sí.

Kí n tó kúrò lórí ewu: pátákó PVC tí àwọn oníṣẹ́ sáìnì ń pè ní fọ́rẹ́ẹ̀sì kò gbọdọ̀ dé abẹ́ lésà kankan, bó ti wù kí oníbàárà bẹ̀bẹ̀ tó. Èéfín rẹ̀ ní ásíìdì tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ásíìdì kan náà yóò sì mú kí gbogbo irin inú ẹ̀rọ dógùn-ún.

Ní ti sọ́fítíwíà, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Fáíbà sábà máa ń bá EzCad wá, tí CO2 ń lo RDWorks, LightBurn sì lè darí irú méjèèjì bí a bá ra ìwé àṣẹ tí ó ní ti fáíbà nínú. Bí ọmọ iṣẹ́ bá wà, ó sàn kí ó kọ́ ọ̀kan ṣoṣo ní àkọ́yé.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni ti ìpolówó ẹ̀rọ tí ó ń jáde nínú àwọn ìwé ìròyìn wa. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni owó àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ti di ohun tí oníṣọ́ọ̀bù kékeré ń fi ọdún tù jọ, síbẹ̀ ohun tí a ń rí nínú ìpolówó kò ju àwòrán, wáàtì kan àti nọ́ńbà fóònù. Ẹ bá wa sọ fún àwọn tí ń polówó pé kí wọ́n kọ wáàtì ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n kọ iye iná tí gbogbo ẹ̀rọ náà ń jẹ pẹ̀lú ohun tí ń mú omi rẹ̀ tutù sọ́tọ̀, kí wọ́n kọ irú ohun tí ń mú omi tutù tí ó bá a wá, ìwọ̀n lẹ́ńsì rẹ̀ bí ó bá jẹ́ fáíbà, àti bóyá awò ojú wà nínú páálí tàbí kò sí. Kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníbàárà lè mú ṣíbí tirẹ̀, òrùka tirẹ̀ tàbí pásípẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ wá, kí a fín in lójú rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí ó fẹ́ rà gan-an, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Olùtajà tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí àwa òǹkàwé mọ̀ pé kò gbà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ lésà kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.